Ọkọ̀ Ogun Orí Tábìlì Wa

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi wá rẹ́rìn-ín bí a bá jẹ́wọ́ pé àwa tí ewú ti hù lórí wa ṣì ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣeré. Mowe ni a ń gbé, ní ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Kò sí òkun nítòsí wa. Ariwo ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń jí wa ní òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí a bá ti yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò tán, a máa ń kó abẹ, ẹ̀mú, sáńpépà àti gọ́ọ̀mù jọ sórí tábìlì, a ó sì máa fi ike kan ọkọ̀ ogun ayé àtijọ́ tí kò gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan.

Inú páálí ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ní 1939 ni Nicholas Kove, ọmọ ilẹ̀ Họ́ńgárì, dá ilé iṣẹ́ Airfix sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1952 ni ilé iṣẹ́ náà gbé ọkọ̀ Golden Hind jáde, kí ọmọdé lè rà á ní owó díẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó. Èyí tí ọ̀rẹ́ wa kan mú bọ̀ láti ìlú òyìnbó ni Victory, ọkọ̀ tí wọ́n sọ sómi ní 1765, tí Nelson sì kú sínú rẹ̀ ní ogun Trafalgar, ní 21 Oṣù Kẹwàá 1805. Ọkọ̀ gangan ṣì wà ní Portsmouth títí di òní. Wọ́n dín tiwa kù ní ọ̀nà 180, tó bẹ́ẹ̀ tí ìbọn àgbá tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń pawọ́ pọ̀ tì kò fi gùn ju ìdajì igi ìṣáná lọ.

Àwọn ègé ike náà so mọ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bí èso ti ń so mọ́ ẹ̀ka. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ já wọn yóò bà wọ́n jẹ́. Abẹ ni a fi ń gé wọn, sáńpépà ni a fi ń dán ojú ibi tí a gé. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ a máa yọ́ ojú ike, tí ègé méjì yóò fi di ọ̀kan. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò ba ojú iṣẹ́ jẹ́. Nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí a kàn, ìkánjú mú kí òpó ìgbòkun wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí a sì rò pé a ti parí, a bá ègé kan ní ìsàlẹ̀ páálí: ìtọ́kọ̀ ni. Ọkọ̀ wa rẹwà, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí a ó fi darí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń gbọn páálí wò kí a tó sọ pé iṣẹ́ parí.

Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí Victory parí, a pe àwọn ọmọ kíláàsì wa láti bá wa kùn ún ní ọ̀dà. A sọ ìtàn fún wọn bí ọwọ́ wa ti ń ṣiṣẹ́. A ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, onígi, onígbòkun, ni Myrmidon, tí ó mú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí ní 7 Oṣù Kẹrin 1822. Nínú ọkọ̀ ẹrú náà ni Àjàyí wà, ọmọ tí wọ́n kó ní Òṣoògùn ní 1821. Wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Ó di Crowther, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. A ti kọ ìwé pélébé kan tí a ó lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ wa: ÌRÁŃTÍ ÀWỌN ỌKỌ̀ OLÙDÁǸDÈ.

Ọmọkùnrin kan, tí ìyá bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, Tíṣà, ṣé ọkọ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí kọ́ ni ó ja Ogun Àgídìǹgbì? Màmá àgbà sọ fún mi pé ìró àgbá wọn ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ.”

A dá a lóhùn pé, “Kun iṣẹ́ rẹ.” Ọmọ náà tẹrí ba, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní òru ọjọ́ náà, oorun kò kun ojú wa. Òtítọ́ ni ọmọ náà sọ, àwa tí a jẹ́ olùkọ́ ni a sì pa á lẹ́nu mọ́. Ní Oṣù Kọkànlá 1851, àwọn ará Èkó lé àwọn òyìnbó padà. Ní Oṣù Kejìlá, Bloodhound àti Teazer tún wọ ọ̀sà, wọ́n yin àgbá lu ìlú, ilé jóná, ènìyàn kú, Ọba Kòsọ́kọ́ sì sá. Wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè, òun náà sì fi ọwọ́ sí ìwé ní 1 Oṣù Kìíní 1852 láti fi òpin sí òwò ẹrú. Ní 6 Oṣù Kẹjọ 1861, nígbà tí ọkọ̀ ogun Prometheus wà lójú ọ̀sà, Ọba Dòsùmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti òyìnbó. Odò Ògùn tí ó ti Abẹ́òkúta ṣàn kọjá agbègbè wa, inú ọ̀sà kan náà ni ó ń já sí. Ọwọ́ tí ó já ẹ̀wọ̀n lọ́rùn Àjàyí kò yàtọ̀ sí èyí tí ó ti iná bọ Èkó. Ẹni tí ó bá sọ ọ̀kan tí ó fi èkejì sílẹ̀, ó fi ìtọ́kọ̀ sínú páálí.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, a dúró níwájú kíláàsì, a sì bẹ ọmọ náà. Kò rọrùn fún wa: ẹ̀rù ń bà wá pé àwọn ọmọ yóò rí wa fín. Wọn kò rí wa fín. Ọmọ náà ni ó kọ ìwé tuntun tí a lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀: 1822 ní ìlà kìíní pẹ̀lú orúkọ Myrmidon, 1851 ní ìlà kejì pẹ̀lú orúkọ Bloodhound àti Teazer. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ó mú ìyá bàbá rẹ̀ wá wò ó. Ìyá náà fi ìka kan ìbọn kékeré kan, ó mi orí, ó ní, “Àní èyí náà ni.” Lẹ́yìn náà ni ó jókòó, tí ó sì ń sọ ìtàn fún gbogbo kíláàsì títí agogo fi lù.