Ìgbànú Tí Ó Ń Ka Èémí

Djidjolé ni mo ń gbé, ní ìlú Lomé. Iwájú ilé wa ni mo ti ń ta aṣọ báyìí. Tẹ́lẹ̀ rí, ọjà ńlá tí àwọn ará ìlú ń pè ní Assigamé ni mo ti ń tà. Ní òru ọjọ́ 11 mọ́jú ọjọ́ 12, oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, iná jó ọjà náà. Aṣọ mi jó tán. Gbèsè tí mo fi rà á kò jó.

Láti ìgbà náà ni àyà mi ti ń já. Bí ẹnì kan bá sun pàǹtí ní àdúgbò, tí mo gbọ́ òórùn èéfín, èémí mi a bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Ọwọ́ mi a tutù. A dà bí ẹni pé mo ń sáré, bẹ́ẹ̀ mo jókòó ni. Mo lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ọkàn mi wò, wọ́n sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ní ara mi dá, pé àníyàn ni. Nígbà tí ọkọ mi bi mí léèrè ohun tí dókítà wí, mo ní ibà ni. Ojú ń tì mí. Iná ti kú tipẹ́. Báwo ni n ó ṣe sọ pé mo ṣì ń bẹ̀rù rẹ̀?

Ní ọdún tí ó kọjá, ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà fi ìgbànú kan ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má rò pé ìgbànú ṣòkòtò ni. Abẹ́ ọmú ni à ń so ó mọ́, lábẹ́ aṣọ. Bí a bá mí sínú, àyà a wú, ìgbànú a nà. Bí a bá mí síta, a sún kì. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára rẹ̀ tí ó ń ka èyí, tí ó sì ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí tẹlifóònù. Àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́ sábà máa ń mí ní ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ̀rù bá dé, èémí a yára, kì í sì í kanlẹ̀ mọ́. Nígbà náà ni ẹ̀rọ yóò gbọ̀n láti kìlọ̀.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ díẹ̀. Ní ọdún 1921, ọlọ́pàá kan tí ń jẹ́ John Larson, ní ìlú Berkeley ní Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ tí ó ń wo èémí àti ẹ̀jẹ̀ ríru ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè. Ó fẹ́ fi mọ ẹni tí ó ń purọ́. Ṣùgbọ́n olóòótọ́ náà a máa bẹ̀rù ọlọ́pàá!

Bákan náà ni tèmi. Mo gún iyán, ó gbọ̀n. Mo gun àtẹ̀gùn, ó gbọ̀n. Ó mọ̀ pé èémí mi yí padà, kò mọ ohun tí ó yí i padà. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti ọkọ mi ń jẹun. Aládùúgbò kan dáná sun pàǹtí. Ìgbànú bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

“Ìyá Bọ́lá, kí ni ó ń kùn lára rẹ?”

N kò lè pè é ní ibà mọ́. Mo fi tẹlifóònù hàn án. Ó kọ 27. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́ títí ọbẹ̀ fi tutù. Ó wá ní, “Bí mo bá gbọ́ òórùn èéfín lóru, èmi náà kì í sùn mọ́.”

“Bàbá Bọ́lá, ẹ kò sọ fún mi.”

“Ìwọ náà kò sọ fún mi.”

Nọ́ọ̀sì ti kọ́ mi tẹ́lẹ̀ pé kí n mí sínú títí n ó fi ka 4, kí n mí síta díẹ̀díẹ̀ títí n ó fi ka 6. Mo kọ́ ọkọ mi. Ní alẹ́, a ń bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, a ń ṣe é. Lẹ́yìn náà a ń gbé ọwọ́ lé àyà, a ń wo aago, a ń ka èémí fún ìṣẹ́jú kan. A kì í so ìgbànú fún èyí.

Ní alẹ́ àná, tèmi jẹ́ 14. Tirẹ̀ jẹ́ 19. Ó ní kí a tún un kà.