Ilẹ̀ Ni Wọ́n Ti Ń Tún Bàálù Ṣe, Kì Í Ṣe Ojú Ọ̀run

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá wa létí díẹ̀. Bí mọ́tò bá yọnu lójú ọ̀nà, dẹ́rẹ́bà á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, èrò á bọ́ sílẹ̀, ẹlòmíì á tilẹ̀ ra ẹ̀pà jẹ. Bàálù ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ títì wo ló wà lójú ọ̀run? Mẹkáníìkì wo ló ń jókòó de oníbàárà nínú ìkúukùu?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́ o. Ní Ọjọ́rú, 15 oṣù kẹfà ọdún 2022, bàálù Overland Airways kan gbéra ní Ìlọrin níbí, ó forí lé Èkó. Èrò 33 ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tó ń wọ Èkó lálẹ́, ọ̀kan nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbóná kọjá bó ṣe yẹ. Hówù! Ṣùgbọ́n nígbà tí aago mẹ́jọ fi máa lù, bàálù ti balẹ̀ sí pápá Ìkẹjà. Èrò sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò farapa. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn awakọ̀ tẹ̀lé ìlànà tí àwọn tó ṣe bàálù là sílẹ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ pé àdúrà ló gbà á. Kò burú. Ìlú àwọn ààfáà ni Ìlọrin, ta ló fẹ́ bá àdúrà jà níbẹ̀? Àmọ́ ẹni tó gbàdúrà kí ọbẹ̀ òun dùn, tí kò sì fi iyọ̀ sí i, kí ló fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe sí i?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn awakọ̀ bàálù máa ń ṣe bí ẹ́ńjìnnì bá yọnu. Àwọn méjì ló máa ń wà níwájú. Wọn ò gbọdọ̀ jọ kó lé ẹ́ńjìnnì yẹn lórí. Ọ̀kan á gbájú mọ́ kí bàálù ṣáà máa fò dáadáa. Èkejì á mú ìwé ìlànà, á máa kà á sókè, wọ́n á sì máa ṣe é ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á kọ́kọ́ jọ wò ó, kó dá wọn lójú: èwo gan-an ló bàjẹ́? Ìkánjú ò sí níbẹ̀ o. Ní 8 oṣù kìíní ọdún 1989, ní Kegworth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn awakọ̀ kan pa ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n wá fi èyí tó bàjẹ́ sílẹ̀. Èèyàn 47 ló bá a lọ.

Bó bá ti dá wọn lójú, wọ́n á gé epo ẹ́ńjìnnì náà. Bí iná bá wà, wọ́n á tú oògùn apaná sí i. Wọ́n á ké sí àwọn tó wà nílẹ̀ pé kí wọ́n ṣí ọ̀nà, kí ọkọ̀ panápaná máa múra sílẹ̀. Bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì lè fi ọ̀kan fò títí yóò fi balẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ? Ilẹ̀ ni! Ẹ̀rọ kan wà tó dà bí iwájú bàálù gẹ́lẹ́, àmọ́ tí kì í kúrò lójú kan. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi wàhálà dán ara wọn wò lóòrèkóòrè, títí ọwọ́ wọn á fi mọ̀ ọ́n. Ìtàn sọ pé "ìlọ irin" ni orúkọ ìlú wa yìí, ibi tí wọ́n ti ń pọ́n irin. Ta ló ń wá òkúta tí yóò fi pọ́n àdá nígbà tí ejò ti yọ sí i?

Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ mọ ibi tí àìpọ́n irin ń gbéni dé, kó rántí Jeddah. Ní 11 oṣù keje ọdún 1991, bàálù ilé-iṣẹ́ Nationair ti Kánádà, tí Nigeria Airways háyà, ń kó àwọn alálàájì bọ̀ wá sí Sókótó. Atẹ́gùn tááyà rẹ̀ ò tó. Àwọn mẹkáníìkì mọ̀. Wọ́n wá gáàsì tí wọ́n á fi fẹ́ ẹ, kò sí nítòsí. Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ ò fẹ́ kí bàálù pẹ́, ni wọ́n bá jẹ́ kó máa lọ. Tááyà bẹ́ lórí eré, iná ràn. Nígbà tí wọ́n ká ẹsẹ̀ bàálù wọ inú, iná bá a wọlé. Awakọ̀ yí padà sí Jeddah, kò dé pápá mọ́. Gbogbo èèyàn 261 tó wà nínú rẹ̀ ló ṣègbé. Ẹ̀yin fọkanáísà, ẹ gbọ́ o, atẹ́gùn tááyà lásán!

Èrò náà níṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ de bẹ́líìtì. Ẹ wo ilẹ̀kùn tó sún mọ́ yín jù, ẹ ka iye àga tó wà láàárín yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sá jáde, ẹ fi ẹrù sílẹ̀. Báàgì kan lè dí ọ̀nà mọ́ ogún èèyàn. Ẹ̀yin ìyá, èyí tó le jù rèé: bí ìbomú atẹ́gùn bá já wálẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi tiyín sí imú kí ẹ tó fi tọmọ sí i. Ó dà bí ìwà ìkà, àbí? Kì í ṣe ìkà. Lókè téńté yẹn, ojú èèyàn lè ṣú kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ìyá tó ti dákú, ta ló fẹ́ gbà là?

Nítorí náà, ẹ̀yin mẹkáníìkì àti wẹ́ídà, bí oníbàárà bá ní "jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀," ẹ sọ fún un pé kò ní lọ. Ẹ̀yin ọlọ́jà náà, bí dẹ́rẹ́bà bá ní òun fẹ́ wo tááyà, ẹ má pariwo lé e lórí pé ọjà ń tú. Ọjà ọ̀la ń bẹ. Ẹni tó bá wà láàyè ni yóò ná an.