Orúkọ Ẹni Tó Kọ Ọ́

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi gbé e yẹ̀wò.

Ní ọdún 1997, nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Ifọ̀, mo kọ wákà kan fún wòlímọ̀ wọn. Ìlà kan nínú rẹ̀ ń kí ìyá tó ń jí ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-kéwú ní ìdájí. Láìpẹ́ yìí, mo lọ síbi wòlímọ̀ kan ní Mọ̀wé, ni mo bá gbọ́ wákà mi. Wọ́n ti yọ ìyá kúrò, wọ́n fi orúkọ olówó tó ń ṣe ìnáwó rọ́pò rẹ̀. Àáfà tó kó àwọn ọmọ wá ní òun lòún kọ ọ́. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Àáfà, ẹ má bínú. Èló ni kí n fún yín?"

Owó kọ́ ló ń dùn mí. Orúkọ mi ni, àti ìyá tí wọ́n lé jáde nínú orin.

Òfin ilẹ̀ wa mọ ìyàtọ̀ yìí. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti ọdún 1988 ya ẹ̀tọ́ owó sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀tọ́ orúkọ. Bí èèyàn tilẹ̀ ta iṣẹ́ rẹ̀, ó ṣì lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ló ṣe é, ó sì lè tako ẹni tó bá yí i padà lọ́nà tó tàbùkù òun. Òfin tuntun tó rọ́pò rẹ̀ ní 2023 kò pa ẹ̀tọ́ yìí tì.

Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ wa ti mọ̀ ọ́n kí òfin tó dé. Kí ni ìsínáàdì hàdíìsì, bí kò ṣe pé kí a dárúkọ ẹni tí a gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀? Imaamu Suyuti, tó kú ní Káírò ní 1505, kọ ìwé kékeré kan lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín òǹkọ̀wé àti olè.

Ibi tí mo ronú dé nìyẹn lóru ọjọ́ náà, nílé mi ní Ìbàfò, ni ara mi bá bù máṣọ. Ìwé gírámà Lárúbáwá tí mo ti ń tẹ̀ fún àwọn ọmọ láti ogún ọdún sẹ́yìn, orúkọ mi ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Àlàyé inú rẹ̀ àti àwọn àpẹẹrẹ, ti olùkọ́ mi ni. Orí ẹní ló ti ń pè é fún wa, tí à ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi kàn tò ó ni. Mo ti máa ń sọ fún ara mi pé bàbá kò sáà kọ ọ́ ní ìwé. Wọ́n ti kú, ta ni yóò bi mí?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gba Ifọ̀ lọ sọ́dọ̀ àkọ́bí wọn obìnrin. Mo gbé ìwé náà síwájú rẹ̀, mo ní, "Bàbá ló ni èyí."

Ó wò mí títí. "Àáfà, ṣé owó wà níbẹ̀ ni?"

Mo ní kò sí owó kankan, orúkọ wọn ni mo wá gbà. Ó bú sẹ́kún. Ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀ fún mi ní kíkún, bí bàbá ṣe máa ń kọ ọ́.

Orúkọ yẹn ló wà lẹ́yìn ìwé báyìí. Tèmi wà nísàlẹ̀: ẹni tó tò ó. Lẹ́yìn náà ni mo tó ní ẹnu láti pe àáfà Mọ̀wé. Mo ní n kò gba kọ́bọ̀, kí ó sáà dá ìyá padà sínú orin.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ọkàn tí yóò fi ohun olóhun lé e lọ́wọ́. Àmín.