Rọ́bà Tó Ń Fò

Àwa tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò bá lọ́mọdé, Flubber ti ọdún 1997 la kọ́kọ́ mọ̀. Robin Williams ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Brainard onígbàgbé, rọ́bà aláwọ̀ ewé kan tó ń fà yọ̀ọ̀ bí ewédú sì ń ta káàkiri ilé rẹ̀. A ti di òbí kí a tó rí ìyá rẹ̀, The Absent-Minded Professor, tí Disney gbé jáde ní 1961, tí Fred MacMurray ṣe.

Láyé MacMurray, wáyà ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ fò. Ford Model T ògbólógbòó ni, àwòrán dúdú òun funfun sì bá wọn bo àṣírí wáyà náà. Àwọn bàbá wa ì bá pè é ní egbé. Rọ́bà ọ̀hún kò lójú, kò lẹ́nu. Bí ó bá kan ilẹ̀, á ta sókè, á sì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ojú ọkùnrin náà la ń wò, ibẹ̀ lẹ̀rín wà.

Láyé Williams, kọ̀ǹpútà ti fún rọ́bà lápá àti ẹsẹ̀, ó ń jó máńbò. A fẹ́ràn ijó yẹn gan-an. Nígbà tí a tún un wò, a rí i pé ijó ti gba ìran lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ òṣèré tó lè fi ojú lásán pa ènìyàn lẹ́rìn-ín ni Williams.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ti àtijọ́ mọ́ ju tòní lọ. Nínú méjèèjì, Brainard fi rọ́bà sí ìsàlẹ̀ bàtà àwọn agbábọ́ọ̀lù Kọ́lẹ́ẹ̀jì Medfield kí wọ́n lè borí. Màgòmágó ni. Odidi ọdún 36 kọjá láàárín wọn, sinimá kò sì pè é lórúkọ rẹ̀.

Ìgbéyàwó ló sì ń dùn wá jù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Brainard gbàgbé ọjọ́ ìgbéyàwó ara rẹ̀. Ní 1961, Betsy tó jẹ́ akọ̀wé ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì ló dúró tí kò rí ọkọ. Ní 1997, Sara fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì. Oyè ti ga, ìdúró kò yí padà. Àwọn méjèèjì ló sì dárí jì í níkẹyìn.

Brainard àkọ́kọ́ kò ní ẹ̀rọ tí yóò rán an létí. Ìkejì ní Weebo, róbọ́ọ̀tì kékeré tó ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀, tó tún fẹ́ràn rẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn jàǹdùkú fọ́ Weebo, a sunkún bí ẹni tí wọ́n pa ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, a jókòó ti àwọn ọmọ, a wo méjèèjì tẹ̀léra. Ọmọ wa obìnrin bèèrè pé, “Dádì, kí ló dé tí ìyàwó ti àkọ́kọ́ yẹn ò fi pè é lórí fóònù?” A ní fóònù alágbèéká kò tíì sí nígbà náà.

Ó ronú díẹ̀. “Ẹni tó ní Weebo wá ńkọ́?”