Ojúlùmọ̀ yín ti wà nínú fóònù kí ẹ tó ṣí page

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. Kì í ṣe ìwàásù, ọ̀rọ̀ owó ni.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn ará ìjọ ti ń bi mí pé, "Pásítọ̀, wọ́n ní ká máa ta ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, báwo la ṣe ń bẹ̀rẹ̀?" Ẹni tó jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́ ni arábìnrin kan tó ń rán aṣọ ilé-ìwé. (Mo ti gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ, ẹ má sì wá a kiri nínú comment.) Owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti fẹ́ pé, onílé sì ti ní òun máa fi kún un. Ọmọ rẹ̀ ní kó ṣí page. Ó ṣí i. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń gbé àwòrán aṣọ síbẹ̀, ó ń ra dátà, ó ń kọ ọ́ pé "ẹ follow mi, èmi náà á follow yín padà". Àwọn tó tẹ̀ lé e ju 400 lọ. Mo bi í pé ta ni wọ́n. Ó ní àwọn tó ń ta wíìgì ni, àwọn tó ń ta bàtà, àwọn tó ń ṣe kéèkì. Gbogbo wọn ló ń wá oníbàárà bíi tirẹ̀! Ọjà tó jẹ́ pé ọlọ́jà nìkan ló wá síbẹ̀, tí kò sẹ́ni tó mú owó dání, ta ló fẹ́ rà lọ́wọ́ ta ni?

Mo ní kó fi page yẹn sílẹ̀ ná, kó ṣí ibi tó kọ nọ́ńbà àwọn ènìyàn sí nínú fóònù rẹ̀, ká jọ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà ibẹ̀ lé ní 600. Ẹni tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, tó ti kó lọ sí Ṣàgámù, wà níbẹ̀. Tíṣà àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀. Obìnrin tí wọ́n jọ máa ń lọ síbi àyẹ̀wò oyún náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ inú oyún ọjọ́sí ti pé ọdún mọ́kànlá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tíì bá sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́ta, mẹ́rin. Mo ní, "Arábìnrin mi, àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀."

Mi ò kàn sọ ọ́ lásán. Lọ́dún 1973, ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Mark Granovetter kọ̀wé lórí bí àwọn ènìyàn ṣe ń rí iṣẹ́. Ó bi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́ pé ta ló ta wọ́n lólobó. Nínú àwọn tó jẹ́ pé ènìyàn ló sọ fún wọn, díẹ̀ ló ní ẹni tí àwọn ń rí ní gbogbo ìgbà ni. Èyí tó pọ̀ jù ló ní ẹni tí àwọn ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí tí àwọn kì í tiẹ̀ fẹ́ẹ́ rí. Lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ tún yẹ̀ ẹ́ wò lórí LinkedIn, pẹ̀lú ènìyàn tó ju mílíọ̀nù 20 lọ. Ohun tí wọ́n rí kò jìnnà síyẹn: ẹni tí a ò sún mọ́ jù, tí kò sì jìnnà sí wa jù, ni ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ jù.

Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ yín tímọ́tímọ́, ibi tí ẹ ń lọ lòun náà ń lọ, àwọn tí ẹ mọ̀ lòun náà mọ̀. Ojúlùmọ̀ yín ń rìn níbi tí ẹsẹ̀ yín ò dé. Èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ tipẹ́, kì í ṣe ọ̀rẹ́, kì í sì í ṣe àjèjì. Àwọn ló yẹ kí ẹ fi fóònù wá, kì í ṣe ẹni tó ń ta wíìgì ní ìlú tí ẹ ò dé rí.

Báwo lẹ ṣe máa wá wọn? Ẹ kí wọn. Ẹ kí wọn bí ọmọ Yorùbá ṣe ń kí ènìyàn, ẹ béèrè ilé, ẹ béèrè ọmọ, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìkíni àti iye ọjà sínú message kan ṣoṣo. Ẹni tí ẹ ò kí láti ọdún mẹ́ta, tí ẹ wá kọ̀wé sí pé "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, yunifọ́ọ̀mù wà o", ó mọ̀ pé kì í ṣe òun lẹ rántí.

Arábìnrin yìí ń kí ènìyàn márùn-ún lójúmọ́. Àwọn kan ò dáhùn. Ẹnì kan ní "ta nìyí?" Ẹnì kan tiẹ̀ yá owó lọ́wọ́ rẹ̀. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà.) Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ará Ṣàgámù yẹn ló bi í pé, "Ṣé o ṣì ń rán aṣọ?" Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan, aránṣọ tó gbẹ́kẹ̀ lé sì já a kulẹ̀. Ọmọ 60, aṣọ méjì-méjì. Ìgbà yẹn ni page wá wúlò, torí pé kí onílé-ìwé náà tó san àsansílẹ̀, ó lọ wo àwòrán iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ tí page ń ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ojúlùmọ̀ á júwe yín, page á jẹ́rìí yín. Owó ṣọ́ọ̀bù ti san báyìí, ògo ni f'Ọ́lọ́run.

Tí ẹ bá ní ọjà, ẹ gba WhatsApp Business sórí fóònù. Láti 2018 ló ti wà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè to ọjà yín síbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán àti iye rẹ̀. Ẹ kọ iye rẹ̀ o! Èwo ni "ẹ wá béèrè ní inbox"? Ṣé ògùn ni? Ohun tí ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ ni pé broadcast kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù rẹ̀. Torí náà, nígbà tí ẹ bá ń kí ènìyàn, ẹ ní kó bá yín fi nọ́ńbà yín pamọ́. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ́ ti ọ́fíìsì, bíi ìṣirò owó tàbí òfin, LinkedIn ló bá yín mu jù. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń ṣe gan-an síbẹ̀. "Mo ń bá àwọn oníṣòwò kéékèèké ṣe ìṣirò owó wọn" dára ju "ọ̀gá pátápátá" lọ.

Ẹ tún ra ìwé kan, kí ẹ kọ nọ́ńbà àwọn oníbàárà yín sínú rẹ̀. Ẹ rántí pé ìjọba fòfin de Twitter ní Nàìjíríà láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù kìíní ọdún 2022. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021 kan náà, Facebook, Instagram àti WhatsApp jọ kú pọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Bó ti wù kó rí, nọ́ńbà tó wà nínú ìwé yín wà níbẹ̀. Àti nọ́ńbà onídíjíìtì mẹ́fà tí WhatsApp máa ń fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ má fún ẹnikẹ́ni, kódà kí ẹni tó ń béèrè rẹ̀ ní èmi pásítọ̀ yín ni. Mi ò ní béèrè rẹ̀ láé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọjà sí group ìjọ ní aago márùn-ún ìdájí, lórí kókó àdúrà, mo rí yín o. Ẹ má sì kó nọ́ńbà àwọn ará ìjọ sínú group títà láìgba àṣẹ wọn.

Tí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ọ̀la ni máa jókòó dáhùn, màá bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ.