Kílọ́ọ̀ṣì Ìsàlẹ̀

Bí ẹ bá rí wa lọ́jọ́ Jímọ̀ tí à ń sọ yìí, ẹ ó rò pé òde ìgbéyàwó là ń lọ. Àwa márùn-ún la há sínú Golf 4 GTI dúdú kan, gángan wà lórí itan wa, aṣọ òfì tí a yá fún Ọ̀sẹ̀ Àṣà ẹ̀ka wa sì kún búùtù fọ́fọ́. Ẹ̀gbọ́n akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ló ni ọkọ̀ náà. Kì í ṣe ọkọ̀ tí èèyàn fi ń kó ẹrù rárá. Tọ́bò wà lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹná mọ́ ọn díẹ̀, ńṣe lẹ̀yìn èèyàn máa ń lẹ̀ mọ́ àga. Ẹ̀gbọ́n kì í yá ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí wa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: "Ẹ má fi ìkánjú wa ọkọ̀ mi o."

Òkè Mókọlá, n'Íbàdàn, ló ti ṣẹlẹ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró ní ìdajì òkè. Akọ̀wé tẹ kílọ́ọ̀ṣì kó lè ki ọkọ̀ sí gíà kìíní, ó gbé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ́dà ò tẹ̀lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Ó fi ìka ẹsẹ̀ hú u sókè, ó gòkè lóòótọ́, àmọ́ kò lágbára kankan nínú. Gíà sì kọ̀, kò wọlé. Máíkírà tó wà lẹ́yìn wa ń fọn fèrè bí ẹni tíná ń jó ilé rẹ̀.

Ẹni í tó jókòó níwájú ní kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ ló há pẹ́dà mọ́lẹ̀. A fa kápẹ́ẹ̀tì yọ, a jù ú sẹ́yìn. Nǹkan kan ò yí padà. Akọ̀wé wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ pẹ́dà léraléra, bí ẹni tó ń fọwọ́ fa omi ẹ̀rọ ìgboro. Níkẹyìn, ó le díẹ̀, gíà wọlé pẹ̀lú ariwo, a sì rọra rá dé ẹ̀gbẹ́ títì.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tó dá wa lóhùn kò ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Ó kàn gbọ́ "kílọ́ọ̀ṣì", ó ní, "Díìsì ti tán. A ó já gíà sílẹ̀, a ó pààrọ̀ díìsì, pírẹ́ṣọ̀ àti béárì. Ẹ mú N180,000 wá."

N210,000 ló wà nínú báàgì Akápò wa lọ́jọ́ náà, owó àwọn onílù àti owó aṣọ. A ò ní purọ́ fún yín: a wo báàgì yẹn. Ẹnì kan tiẹ̀ ti ń ṣírò bí a ó ṣe dá owó náà padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Bí a bá gbé ọkọ̀ padà fún Ẹ̀gbọ́n lórí ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀, ojú wo la ó fi wò wọ́n? Bí a bá sì ná owó ẹgbẹ́, ojú wo la ó fi wo ẹgbẹ́?

Akápò ló sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé díìsì ló ti tán?" Inú bí ọ̀gá náà. "Ṣé ẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?" A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, a sì kúrò níbẹ̀. Oníṣẹ́ táyà kan ló júwe bàbá àgbàlagbà kan fún wa, tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lábẹ́ igi máńgòrò ní ọ̀nà Sángo. Bí a ṣe ń tẹ pẹ́dà, tí à ń hú u, la fi gbé ọkọ̀ débẹ̀.

Bàbá ní, "Kí ló ṣe é?"

A ní, "Díìsì rẹ̀ ló ti tán, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Mi ò bi yín ní oògùn, àìsàn ni mo bi yín. Kí lẹ fojú rí?"

Ẹ̀rín náà ta bá wa. Nígbà tí a wá rò ó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń gun òkè, ṣé ẹ́ńjìnnì máa ń ké gan-an tí ọkọ̀ ò sì ní fẹ́ lọ? A ní rárá, ó ń fà dáadáa. Wọ́n ní, "Díìsì tó bá ti tán máa ń yọ̀. Tiyín ò yọ̀. Ńṣe ni ẹ́ńjìnnì àti gíà ò fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ní kí wọ́n kọra wọn."

Wọ́n ní kí a pa ẹ́ńjìnnì. Gíà kìíní títí dé ìkarùn-ún, àti rìfáàsì, gbogbo wọn wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n ní kí a tan án. Rìfáàsì ké bí ayùn. "Inú gíà ò ṣe nǹkan kan nìyẹn," ni Bàbá wí.

Ìgbà náà ni wọ́n tó ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ yìí kò ní wáyà. Ọ́ìlì bíréèkì ló ń gbé agbára láti ẹsẹ̀ dé ara gíà. Ìkòkò kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì ti ń mu ún, ṣùgbọ́n ẹnu ti kílọ́ọ̀ṣì ga ju ti bíréèkì lọ, kó lè jẹ́ pé bí kílọ́ọ̀ṣì bá ń jò, bíréèkì á ṣì rí tirẹ̀ mu. Ọ́ìlì inú ìkòkò náà ti lọ sílẹ̀, ó sì ti dúdú bíi kọfí.

Ibi méjì ló ṣeé ṣe kó ti máa jò. Kílọ́ọ̀ṣì òkè wà lẹ́yìn pẹ́dà; kílọ́ọ̀ṣì ìsàlẹ̀ wà lára gíà. Báyìí làwọn oníṣẹ́ ṣe ń pè wọ́n, àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì ò sì gbọ́ ọ rí. Bàbá fi tíṣù nu abẹ́ pẹ́dà, ó gbẹ. Wọ́n wá ní kí Akọ̀wé tẹ pẹ́dà, kí àwa yòókù máa wo ìsàlẹ̀. Ọ̀pá kékeré tó yẹ kó ti apá gíà jáde yọ díẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn. Bàbá ká rọ́bà ẹnu rẹ̀ kúrò, ọ́ìlì sì kán tó-tó-tó sílẹ̀.

"Ẹ wò ó," ni wọ́n wí. Wọn ò pariwo.

A bi wọ́n pé kí ló wá dé tí pẹ́dà fi ń lẹ̀ mọ́lẹ̀. Sípíríǹgì kan wà níbẹ̀, wọ́n ní, tó máa ń gbé pẹ́dà lọ sókè bó bá wà lókè, tó sì máa ń bá ẹsẹ̀ tì í mọ́lẹ̀ bó bá ti kọjá ìdajì. Agbára ọ́ìlì ló yẹ kó borí sípíríǹgì yẹn kó sì dá pẹ́dà padà. Ọ́ìlì ti jò, afẹ́fẹ́ ti wọlé, afẹ́fẹ́ sì ṣeé fún pọ̀. Sípíríǹgì ò ṣẹ̀. Kò rí ẹni tó máa bá a jà ni.

Àwa méjì mú èyí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ lọ sí Gate, ká lè fi wé tuntun. Ọlọ́jà fẹ́ ta tòkunbọ̀ fún wa ní N8,000, àmọ́ Bàbá ti kìlọ̀: ohun tí rọ́bà ń bẹ nínú rẹ̀, ẹ má ra àlòkù. Tuntun jẹ́ N22,000, ọ́ìlì DOT 4 jẹ́ N4,500. Nígbà tí a padà dé, Bàbá ti kọ ọ́ sára páálí kan lórí àga awakọ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má tẹ pẹ́dà, torí kò sí ohun tó máa dá ọ́ìlì dúró.

Nọ́ọ̀tì méjì péré ló dì í mú. Yíyọ afẹ́fẹ́ ló gba àkókò. Akọ̀wé jókòó sídìí pẹ́dà, Bàbá di sípánà mú, àwa di ìgò rọ́bà mú sábẹ́ hóòsì funfun. "Tẹ̀ ẹ́!" Bàbá tú u, ọ̀ṣọ̀ afẹ́fẹ́ yọ jáde. Wọ́n dè é pa. "Gbé e!" Ẹnì kan ń bu ọ́ìlì tuntun kún ìkòkò kó má bàa gbẹ. Ọ́ìlì ta sára ọ̀dà dúdú Ẹ̀gbọ́n, ọkàn wa fò. Bàbá da omi sí i kíá, torí ọ́ìlì yìí máa ń jẹ ọ̀dà. A tẹ̀, a gbé, títí tí hóòsì fi mọ́, tí kò sí afẹ́fẹ́ kankan mọ́.

Nígbà tí a tan ẹ́ńjìnnì, rìfáàsì wọlé bí ẹni ń ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀.

Owó iṣẹ́ jẹ́ N10,000. Àpapọ̀ jẹ́ N36,500, àwa márùn-ún sì dá N7,300 níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, gàrí la fi ṣe oúnjẹ, ṣùgbọ́n báàgì Akápò ò ṣí.

Ó wá ku Ẹ̀gbọ́n. Ẹni méjì nínú wa ní kí a dákẹ́, ọkọ̀ ṣáà ti dára. A pè wọ́n, a ro ohun tójú wa rí. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ẹ má bínú. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń fi ìka ẹsẹ̀ gbé e. Mo rò pé á lọ fúnra rẹ̀ ni."

Oṣù kan gbáko! Ká ní wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fún wa ní kọ́kọ́rọ́, Mókọlá ò bá tí rí wa. Ká ní àwa náà sọ ohun tí a rí fún Bàbá dípò orúkọ tí wọ́n kọ́ wa létí títì, wọn ò bá tí fi wá rẹ́rìn-ín. Nínú kíláàsì ìró èdè, wọ́n máa ń sọ fún wa pé kí a kọ́kọ́ gbọ́ ìró kí a tó kọ àmì rẹ̀ sílẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ni ọ̀rọ̀ náà ti wá yé wa.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn á san ìdajì owó náà padà. À ń retí wọn o.