Ẹ̀dá àti Ẹ̀dà



Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni mo mú wá lónìí, inú ilé mi ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Kíndìnrín ẹ̀gbọ́n mi, Àlàájì, tí a jọ ń gbé ní Ìkòsì, ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mò ń mú wọn la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 kọjá lọ síbi tí ẹ̀rọ ti ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n bi mí pé, “Tíṣà, ṣé lóòótọ́ ni òyìnbó ti ń fi kíndìnrín ẹlẹ́dẹ̀ sára ènìyàn?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹta, ọdún 2024, wọ́n fi ọ̀kan sára Richard Slayman ní Massachusetts General Hospital, ní Boston. Nǹkan bí oṣù méjì ló lò lẹ́yìn rẹ̀ kó tó kú, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn náà ní àwọn kò rí àmì pé kíndìnrín náà ló pa á.

“Irú ẹlẹ́dẹ̀ wo nìyẹn?”

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bá olùkọ́ èdè. Mo ṣàlàyé pé wọ́n á mú sẹ́ẹ̀lì ara ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n á tún jíìnì inú rẹ̀ ṣe (ọ̀nà 69 ni ti Slayman), wọ́n á wá fi í rọ́pò kókó inú ẹyin abo ẹlẹ́dẹ̀ mìíràn. Bí ẹyin náà bá ti di ọlẹ̀, wọ́n á fún abo ẹlẹ́dẹ̀ kẹta lóògùn oorun, wọ́n á la ikùn rẹ̀, wọ́n á fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ti àwọn ọlẹ̀ náà sí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà lọ sí ilé-ọmọ, wọ́n á sì rán an padà. Oyún ẹlẹ́dẹ̀ kì í sábà dúró bí ọlẹ̀ kò bá tó mẹ́rin, nítorí náà ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń fi sí i lẹ́ẹ̀kan, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń ṣègbé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́ta, ó bímọ tí kò bá a tan rárá. Ọjọ́ 5, oṣù Kẹta, ọdún 2000 ni wọ́n bí márùn-ún àkọ́kọ́ ní Blacksburg, ní Virginia. Dotcom ni wọ́n pe ọ̀kan nínú wọn!

Mo ní, “Ẹ̀dà ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ẹ̀dá Ọlọ́run ni gbogbo wa.”

“Ẹ̀dà ni mo wí, bíi ti ìwé tí a dà kọ.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Àmì ohùn kan ṣoṣo ni, èyí tí ẹ̀yin ọmọ wa kì í fẹ́ fi sórí ọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Bó bá dé Èkó lójú ayé mi, ṣé haráàmù ni ẹ̀dà náà?”

Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. N kò fèsì. Wọ́n ní àwọn yóò bi Lèmọ́ọ̀mù léèrè ní Jímọ̀. Ọjọ́bọ̀ la tún ń lọ sídìí ẹ̀rọ.